Ìdí Tí Abẹ́ Àgbọ̀n Ọ̀pọ̀lọ́ Fi Ń Lù Nígbà Tí Ó Bá Jókòó Jẹ́ẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì máa ń kí ara wọn kí wọ́n tó jẹ ara wọn, abẹ́ àgbọ̀n Ọ̀pọ̀lọ́ kì í mì. Kì í lù. Bí Ọ̀pọ̀lọ́ bá jókòó sí ibì kan, o lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o rò pé òkúta ni.

Ọ̀pọ̀lọ́ yìí ni aṣọ́dò àwọn ará Odò Ẹlẹ́rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà létí omi níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí yóò máa wo koríko. Bí Ejò bá ti yọrí, ojú Ọ̀pọ̀lọ́ á rí i, àyà rẹ̀ á sọ kì, ẹnu rẹ̀ á ké pé "Ó dé o!", ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti gbé e sínú omi. Gbogbo rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí o bá ti rí i tó ń sáré, ìwọ náà bẹ́ sómi. Ìgbà tí o bá dé ìsàlẹ̀ omi ni kí o tó bèèrè ohun tó dé.

Ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ bí ó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ní, "Àyà mi ló máa ń sọ fún mi. Ohun tí àyà mi bá ti sọ, n kì í bá a jiyàn."

Lọ́dún kan, àìsàn wọlé tọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Nígbà tó yá, bí ó bá fò lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró mí gúlegúle kí ó tó lè fò lẹ́ẹ̀kejì. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kí ó fara ti ògiri. Àwẹ̀ró se àgbo títí ìdí ìkòkò fi lu.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká lọ rí Ìyá Ẹ̀ga," ó ní.

"Kí ni ẹyẹ mọ̀ nípa ara ọ̀pọ̀lọ́?"

"Ó mọ bí wọ́n ṣe ń so nǹkan pọ̀. Bí nǹkan bá já, ta ni kí á tọ̀ lọ bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n so?"

Orí ọ̀pẹ kan tó tẹ̀ sórí omi ni Ìyá Ẹ̀ga ń gbé. Ẹnu rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ni ọ̀bẹ rẹ̀. Òun ló rán ìyẹ́ Àdán nígbà tí ẹ̀gún fà á ya. Ó fò wálẹ̀, ó gbé etí lé àyà Ọ̀pọ̀lọ́, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè.

"Ọkàn yìí ti gbó," ó ní. "Kò sí ewé tó lè wo gbígbó. Òmíràn nìkan la lè fi rọ́pò rẹ̀."

"Níbo ni wọ́n ti ń rí òmíràn, Ìyá?" Àwẹ̀ró bèèrè.

Ìyá Ẹ̀ga wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, ohun tí a kì í gbàdúrà fún lo bèèrè yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àwẹ̀ró. Ìgbà tó délé, tó ronú kan ẹni tí yóò kú kí ọkọ rẹ̀ tó lè yè, ni ó tó yé e. Kò sì gbàdúrà lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ìjì jà. Ẹ̀ka igi àràbà kan ya lulẹ̀, ó sì ba Àtàndá lórí. Àtàndá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àkèré bí. Ọ̀dọ́ ni, ó lè fò láti etí odò kan dé èkejì láìkan omi. Wọ́n gbé e sórí ewé kókò. Ojú rẹ̀ kò là. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ sì ń lù.

Ìyá Ẹ̀ga yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pè é, kò dáhùn. Ó fi ẹnu gún un, kò mira. Ó ní, "Orí rẹ̀ ti lọ, Ìyá Àkèré. Kò ní padà mọ́. Ọkàn rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́."

"Pẹ̀lú bí ó ṣe ń lù yìí, ẹ ní ọmọ mi ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò yé mi."

"Kò yé èmi náà tán," ni Ìyá Ẹ̀ga wí.

Ìyá Àkèré jókòó ti ọmọ rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Àwẹ̀ró wà lókèèrè, kò jẹ́ súnmọ́ ibẹ̀. Ìyá Àkèré fúnra rẹ̀ ló pè é.

"Wọ́n ní ọkọ rẹ ń wá ọkàn."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Kí wọ́n gbé e fún un," ni Ìyá Àkèré wí. "Ṣùgbọ́n mo ní àdéhùn kan. Wọn kò gbọdọ̀ rì í mọ́ inú àyà níbi tí ojú mi kò ti ní tó o. Ibi tí mo ti lè máa rí i bó ti ń lù ni kí wọ́n fi í sí."

Ìyá Ẹ̀ga gbà. Ó fún Ọ̀pọ̀lọ́ ní nǹkan mu, Ọ̀pọ̀lọ́ sùn lọ fọnfọn. Ó yọ ọkàn tó ti gbó, ó fi ti Àtàndá sí ipò rẹ̀. Ó so àwọn iṣan ńláńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fa èyí tó gùn jù nínú wọn gòkè, ó so ó mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, kí Ìyá Àkèré lè máa rí i.

Nígbà tí Ọ̀pọ̀lọ́ lajú, ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni àyà ara rẹ̀. Kìkìkìkìkì.

"Ta ló ń bọ̀?" ó kígbe.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ o," ni Àwẹ̀ró wí.

Ọ̀pọ̀lọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Bí kò bá sẹ́ni tó ń bọ̀, kí ló dé tí àyà mi fi ń sáré?"

"Bóyá ẹ̀rù ń bà yín."

"Ẹ̀rù kò bà mí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Baálé mi."

"Èwo nínú ọkàn?" ni Ọ̀pọ̀lọ́ bèèrè. "Tèmi ni, àbí ti ọmọ ọlọ́mọ?"

Àwẹ̀ró yíjú wo Ìyá Ẹ̀ga.

Ìyá Ẹ̀ga súnmọ́ wọn. "Ọ̀pọ̀lọ́, nǹkan kan wà tí n kò lè so," ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará odò ti gbọ́ pé ó jí. Wọ́n ya wọlé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń gbé e sọ̀. Ohùn Ìyá Ẹ̀ga rì sínú ariwo. Ọ̀pọ̀lọ́ ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì padà lọ bèèrè.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, ó padà sórí òkúta rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò yé sáré, ìbáà jókòó, ìbáà dùbúlẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn ṣáá.

Ìyá Àkèré wá kí i. Ó wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó ń lù, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì bú sẹ́kún. Ọ̀pọ̀lọ́ mọ̀ pé ó yẹ kí àánú ṣe òun. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n inú àyà rẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Kìkìkì tí ó ń lù láàárọ̀ náà ni ó ń lù. Ó tijú. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ìyá Àkèré nu ojú, ó lọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí Ọ̀pọ̀lọ́ ti jẹ ikán méjì, àyà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù gìdìgìdì. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló tún dé?" ni Àwẹ̀ró bèèrè.

"Ìyá Àkèré ni. Ẹkún rẹ̀ ló dùn mí."

"Ẹni tó ti lọ tipẹ́tipẹ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Àwẹ̀ró, mi ò mọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ejò wá. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Àkèré jókòó sétí omi, ó ń fọ ewé. Ọ̀pọ̀lọ́ wà lórí òkúta. Ó rí ohun gígùn kan tó ń la koríko bọ̀.

"Ejò ni," ni ojú rẹ̀ wí.

Ọ̀pọ̀lọ́ dúró de àyà rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò sọ ohun kan tó yàtọ̀.

"Bó bá jẹ́ Ejò ni," ó rò ó, "àyà mi ì bá ti sọ. Bóyá okùn ni." Ó tún wò ó. Okùn náà yọ ahọ́n. "Okùn kì í yọ ahọ́n," ó rò ó. Síbẹ̀ ó ń dúró. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àyà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù láìsí àyà níbẹ̀.

Ejò gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Kò tilẹ̀ wo Ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó gbagidi. Ó gbá Ìyá Àkèré mú lẹ́sẹ̀. Ìyá Àkèré lọgun, ó jà, ó já ara rẹ̀ gbà, ó bẹ́ sómi pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ya. Gbogbo ará odò bẹ́ tẹ̀ lé e. Ejò dúró létí omi, ó wò títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Koríko dúró jẹ́ẹ́. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni àyà Ọ̀pọ̀lọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ó dé o!" ó ké. "Ó dé o! Ó dé o!" Ó bẹ́ sínú omi gbàmù, ó já sáàárín àwọn tó ń di ẹsẹ̀ Ìyá Àkèré.

Gbogbo wọn yíjú wò ó.

"Ta ló dé?" ni Kọ̀ǹkọ̀, baálẹ̀ odò, bèèrè.

"Ejò!"

"Ejò ti lọ, Ọ̀pọ̀lọ́."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní Ọ̀pọ̀lọ́ ti bá Ejò mulẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọkàn òkú ló wà láyà rẹ̀, òkú kì í sì bẹ̀rù. Ìyá Àkèré gbé orí sókè níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. "Ọmọ mi kì í ṣe ojo," ó ní. "Ẹ má ti ẹ̀bi yìí sórí ọkàn rẹ̀."

"Ṣé ìwọ Ọ̀pọ̀lọ́ lo wá jẹ̀bi ni?" ni Kọ̀ǹkọ̀ wí.

Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ sọ pé òun kọ́. Ó tún fẹ́ sọ pé òun ni. Àyà rẹ̀ ń lù débi pé kò gbọ́ èrò ara rẹ̀. "Baálẹ̀," ó ní, "mi ò mọ̀ bóyá èmi ni, mi ò sì mọ̀ bóyá òun ni. Mo rí Ejò. Mo rí i kedere. N kò mọ ohun tó ṣe mí."

Wọ́n gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi àbúrò Kọ̀ǹkọ̀ jókòó síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀pọ̀lọ́ lọ sí ìdí ọ̀pẹ. "Ìyá, ẹ yọ ọ́," ó ní. "Kì í gbọ́ tèmi. Bí mo bá jókòó, á máa sáré. Bí ó bá yẹ kó sáré, á máa wò mí. Bí ọ̀ràn bá ti tán, kò ní í dákẹ́ mọ́. Ṣé ó kórìíra mi ni?"

Ìyá Ẹ̀ga bà lé ilẹ̀. "Jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ ariwo nìyí. Okùn méjì ló máa ń ti orí wá sínú ọkàn. Ọ̀kan dà bíi kẹ́sẹ́ ẹlẹ́ṣin: orí á fi gún ọkàn, ọkàn á sáré. Èkejì dà bí ìjánu: orí á fà á, ọkàn á rọra. Wọ́n tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Nígbà tí mo gbé ọkàn Àtàndá, méjèèjì já. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mo lè so, n kò lè so ìyẹn."

"Ìyẹn ni pé kò mọ̀ mí."

"Kò mọ̀ ọ́, kò sì kórìíra rẹ. Kò gbọ́ ohùn rẹ ni. Kò sí ìjánu, ló ṣe ń sáré nígbà tí o jókòó. Kò sí kẹ́sẹ́, ló ṣe dákẹ́ nígbà tí o rí Ejò."

"Ṣùgbọ́n ó padà sáré, Ìyá! Nígbà tí kò sẹ́ni kankan níbẹ̀ mọ́!"

"Nígbà tí orí kò rí okùn fà, ó rán iṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jìn. Kí iṣẹ́ náà tó dé, Ejò ti ṣe tirẹ̀. Bó bá sì dé, kì í tètè kúrò níbẹ̀. Ó máa pẹ́ kí ó tó ṣàn lọ."

Ọ̀pọ̀lọ́ fi ọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Ṣé okùn náà lè hù padà?"

"Bí ìtàkùn tí wọ́n gé. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ni pé ti kẹ́sẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ hù. Á mú apá kan, á fi apá kan sílẹ̀. Ti ìjánu, n kò gbọ́ pé ó hù tán rí."

"Ìgbà wo ló máa hù?"

"N kò mọ̀."

"Kí ni kí n wá máa ṣe?"

"Gba ojú rẹ gbọ́. Má dúró de àyà. Láràárọ̀, máa fò díẹ̀díẹ̀ kí o tó jáde, kí iṣẹ́ lè tètè gbéra. Bí o bá sì fẹ́ fò gidi, kọ́kọ́ jókòó ná, mí dáadáa, kí ó fi lù dé ibi tí agbára wà."

Ọ̀pọ̀lọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún kan kọjá, òjò ọdún kejì dé. Lọ́jọ́ kan, àrá sán, àyà Ọ̀pọ̀lọ́ sì sọ kì! lójú ẹsẹ̀. Ó pariwo, "Àwẹ̀ró! Ó gbọ́! Ó gbọ́ mi!" Àwẹ̀ró sáré jáde. Àwọn méjèèjì jókòó nínú òjò, wọ́n ń dúró de àrá mìíràn. Àrá sán. Àyà kò sọ nǹkan. Òmíràn sán. Kò sọ nǹkan.

"Ṣé ó gbọ́ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́?" ni Àwẹ̀ró bèèrè.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. Kò dá a lójú mọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi fà títí ó fi ku kòtò kékeré kan, tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ṣì ní ìrù ń gbá pọ̀ sí. Ẹ̀yìn odò ni Ejò gbà wá lọ́tẹ̀ yìí. Àbúrò Kọ̀ǹkọ̀ ń tòògbé lórí òkúta. Ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ ni Ọ̀pọ̀lọ́ wà tó fi rí Ejò.

Ó dúró de àyà rẹ̀. Bóyá ó ta díẹ̀ ní apá kan, bóyá kò ta. Kò lè sọ.

"Ó dé o!" ó ké. "Ẹ kó àwọn ọmọ! Ó dé o!"

Kò sẹ́ni tó mira. "Ṣé àyà rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni àbúrò Kọ̀ǹkọ̀ bèèrè, ojú rẹ̀ kún fún oorun.

"Rárá! Ojú mi ni!"

Wọ́n ń wo ara wọn. Wọn kò mọ èyí tí wọn ì bá gbà gbọ́. Ìyá Àkèré tó ń tiro ló kọ́kọ́ bẹ́ sínú kòtò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọmọ sábẹ́ àpáta. Ìgbà náà ni gbogbo wọn tẹ̀ lé e, wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọlé láìku ẹyọ kan.

Inú bí Ejò. Ó yíjú sí Ọ̀pọ̀lọ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí amọ̀ tútù. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀ga. Ó jókòó. Ó ń mí. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ń lù, ó ń wú, ó ń fà, ojú rẹ̀ sì wà lójú Ejò.

Ejò dúró. Kò rí irú èyí rí. "Kí ló dé tí èyí kò sá?" ó bi ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà á, mo ń rí i bó ti ń lù lọ́fun. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kí ló ń jókòó ṣe? Àbí májèlé ló fẹ́ tu sí mi lójú?" Ó fa orí sẹ́yìn, ó tún nà án síwájú, ó tún fà á sẹ́yìn.

Níbi tó ti ń rò ó ni iṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ti dé. Àyà Ọ̀pọ̀lọ́ ta gìdì! Ó fò, ó fo orí Ejò kọjá, ó já sábẹ́ àpáta. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Ejò bù ṣán.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí àyà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ wá bá Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní, "Wá gba òkúta rẹ padà."

"Baálẹ̀, ara mi kò yé mi o," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Ọjọ́ kan ó máa ń gbọ́, ọjọ́ kan kì í gbọ́. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ yé e, ẹ wá ẹlòmíràn."

Kọ̀ǹkọ̀ wo gbogbo wọn yíká. "Ta ni ara rẹ̀ yé nínú wa?" ó bèèrè. Ọ̀pọ̀lọ́ padà sórí òkúta rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Ìyá Ẹ̀ga ti fi ọkàn Àtàndá sí i láyà ni abẹ́ àgbọ̀n Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń lù, kódà nígbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń lé e. Láti ọjọ́ yẹn náà ni kì í ti í fò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ mọ́. Bí òjò bá dá, tí o bá a lẹ́bàá ògiri, má sọ pé ojo ni nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ ń lù. Bí o bá sì fẹsẹ̀ kilẹ̀ tí kò mira, má sọ pé kò bẹ̀rù rẹ. Ó ti rí ọ. Iṣẹ́ náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni.